Kì í ṣe Kókó Nìkan: Ẹ Jẹ́ Ká Wo Àdúgbò Tí Jẹjẹrẹ Àpò Ìtọ̀ Ń Gbé

Ẹ ká apá òsì aṣọ yín sókè díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti bí yín, tí ìyá yín sì gbé yín lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọwọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àpá kékeré róbótó kan níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ BCG ló fi í síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun kí ikọ́ ẹ̀gbẹ má bàa ṣe é lọ́ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé pé àpá náà wà níbẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa kan sọ fún wa nínú kíláàsì pé kòkòrò tó wà nínú abẹ́rẹ́ yìí gan-an ni àwọn dókítà ń dà sínú àpò ìtọ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ níbẹ̀, láàyè, kì í ṣe òkú. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn béèrè pé, "Sà, ṣé wọ́n fẹ́ fi ikọ́ kún jẹjẹrẹ fún un ni?" Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, kò dáhùn, ó ní ká lọ kàwé. A lọ kàwé lóòótọ́, ohun tí a sì kà ló jẹ́ ká jókòó kọ èyí.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ. Kókó jẹjẹrẹ kì í dá gbé. Ó ní àdúgbò, ó ní aládùúgbò, àwọn aládùúgbò yẹn ló sì sábà ń pinnu bóyá oògùn yóò ràn án tàbí kò ní ràn án. Àmọ́ àdúgbò tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò fínnífínní jùlọ kì í ṣe irú tiwa. Bí a kò bá yẹ tiwa wò fúnra wa, a ó kàn máa gba oògùn tí wọ́n rán fún ilé ẹlòmíràn ni, bí ẹni gba aṣọ àlòkù.

Òkúta lórí páànù

Àpò ìtọ̀ ni ìtọ̀ ń dúró sí kí a tó tọ̀ ọ́ jáde. Gbogbo ìdọ̀tí tí kíndìnrín bá sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń wà fún wákàtí mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí sìgá fi jẹ́ òléwájú nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ yìí: májèlé inú èéfín ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń dé kíndìnrín, ó sì ń bá ìtọ̀ jókòó sínú àpò. Ní 2022, àwọn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lára wọn ní gbogbo àgbáyé lé ní 600,000, àwọn tó sì ti ipa rẹ̀ kú tó nǹkan bí 220,000. Nínú ẹni mẹ́rin tó ní in, nǹkan bí mẹ́ta ló jẹ́ ọkùnrin.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jùlọ ni wọ́n máa ń tètè rí, nígbà tí kókó náà ṣì wà lórí awọ tó tẹ́ inú àpò, tí kò tíì fi gbòǹgbò wọ inú iṣan tó wà lábẹ́ awọ. Dókítà lè ti ojú ihò ìtọ̀ ki irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kí ó sì gé e kúrò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó máa ń padà. Wọ́n á gé e lọ́dún yìí, á tún hù lọ́dún tó ń bọ̀, ìgbà mìíràn á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ibẹ̀ ni BCG ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Albert Calmette àti Camille Guérin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màlúù ní ìlú Lille ní 1908. Ọdún 13 ni wọ́n fi ń gbìn ín láti inú ìgò kan sí òmíràn títí oró rẹ̀ fi rọ̀. Ní 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ tuntun. Ọdún 55 lẹ́yìn náà, ní 1976, dókítà kan tó ń jẹ́ Alvaro Morales ní ìlú Kingston ní Kánádà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ìròyìn nípa aláìsàn mẹ́sàn-án tí wọ́n da BCG sínú àpò ìtọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí kókó ṣe ń hù padà dín kù gidigidi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀? Morales fúnra rẹ̀ sọ pé ìgò mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n dì í sínú páálí nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni àwọn dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ títí dòní. Ní 1990, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, òun sì ni ìtọ́jú tí wọ́n ṣì ń kọ́kọ́ nawọ́ sí fún ẹni tí kókó rẹ̀ kò tíì wọnú iṣan ṣùgbọ́n tó jọ pé yóò padà wá.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù nìyí: BCG kì í jẹ jẹjẹrẹ. Kòkòrò náà kàn ń lẹ̀ mọ́ ògiri àpò ìtọ̀ ni, ó sì ń wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á figbe ta, igbe wọn sì ni èròjà tí wọ́n ń tú jáde láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya dé, ọ̀wọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Nítorí kòkòrò ni wọ́n ṣe wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti débẹ̀ ni ojú wọn já sí jẹjẹrẹ tó ti ń gbé láàárín wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹni tó bá gbé àdúgbò tí olè ti ń jà rí á mọ̀ ọ́n. Olè wà nínú ọgbà, ó ń kó ẹrù, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹnì kan wá sọ òkúta lu páànù òrùlé. Òkúta kò ba olè rárá, àmọ́ gbogbo ilé jí, iná tàn, wọ́n sì rí i. Òkúta yẹn ni BCG.

Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀?

Bí wọ́n bá gé kókó jẹjẹrẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan lẹ máa rí. Ẹ ó rí òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn ara, àwọn kan náà tó ń di ojú ọgbẹ́ fún wa nígbà tí a bá gé ọwọ́. Ẹ ó sì rí oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun, tí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì T kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ti yapa. Òmíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pẹ̀tù sí ìjà, bí àgbà tó ń sọ pé "ó tó gẹ́ẹ́" kí ilé má bàa tú. Macrophage wà níbẹ̀ náà, ẹni tó ń gbé kòkòrò mì. Kò sí ọ̀tá nínú gbogbo wọn, ọmọ ilé ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ mọ bí a ṣe ń ránṣẹ́ sí ọmọ ilé. Ó ń pe àwọn àgbà apẹ̀tùsíjà wá kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń yí macrophage lérò padà, tí yóò fi dẹ́kun ìjà, tí yóò wá máa ran kókó lọ́wọ́ láti la òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà. Sẹ́ẹ̀lì T ní ohun kan lára tó dà bíi bíréèkì, PD-1 ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ olùwádìí Tasuku Honjo ní Jàpáànù ló rí i ní 1992. Bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn bá fi PD-L1 tó wà lára rẹ̀ kan bíréèkì yìí, sẹ́ẹ̀lì T á sọ ohun ìjà kalẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí láìsí bíréèkì, ọmọ ogun ara á máa pa ará ilé. Àmọ́ jẹjẹrẹ náà ń gbé PD-L1 wọ̀. Bí ìgbà tí adigunjalè bá wọ aṣọ ọlọ́pàá ni: ọmọ ogun dé ibẹ̀, ó rí aṣọ, ó kí i, ó sì kọjá lọ. Honjo àti James Allison ará Amẹ́ríkà, tó ṣiṣẹ́ lórí bíréèkì mìíràn, ló pín ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2018 nítorí ọ̀rọ̀ bíréèkì yìí.

Àpò ìtọ̀ gan-an ni wọ́n ti rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe díjú tó. Ní 2007, àwọn olùwádìí yẹ àwọn aláìsàn 12 wò tí BCG kò ṣiṣẹ́ fún. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì funfun kóra jọ sí nítorí BCG nínú àpò ìtọ̀ wọn, PD-L1 pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní nínú 11 lára wọn. Ìyẹn ni pé igbe tó pe ọmọ ogun wá pe bíréèkì wá pẹ̀lú.

Oògùn tó ń dí ọwọ́ bíréèkì lọ́wọ́ wá dé. Ní oṣù karùn-ún 2016, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tó ti tàn káàkiri, atezolizumab. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn bí 310 tí wọ́n fi dán an wò, nǹkan bí 15 nínú 100 ni kókó wọn fọ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n wá fi wé kẹ́mò nínú ìdánwò ńlá, kò jẹ́ kí àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe ìdánwò náà pẹ́ láyé ju kẹ́mò lọ, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì fà á sẹ́yìn kúrò nínú oògùn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà. Pembrolizumab, tó jọ ọ́, ṣe dáadáa jù ú lọ: nínú ìdánwò tí wọ́n gbé jáde ní 2017, ìdajì àwọn tó gbà á wà láàyè kọjá oṣù 10.3, nígbà tí ti kẹ́mò jẹ́ oṣù 7.4. Àǹfààní ni, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Kí ló dé tí oògùn kan náà fi gba ẹnì kan tí kò sì gba ẹnì kejì? Ní 2018, àwọn olùwádìí padà sórí àwọn kókó tí wọ́n ti gé lára àwọn aláìsàn atezolizumab, wọ́n sì wo àdúgbò. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n rí. Àwọn kan wà tí sẹ́ẹ̀lì T kún inú kókó bámúbámú. Àwọn kan dà bí aṣálẹ̀, kò sí sẹ́ẹ̀lì T níbẹ̀ rárá. Àwọn tó pọ̀ jù, tó sún mọ́ ìdajì, ni èyí tí sẹ́ẹ̀lì T pọ̀ sí, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn há sí ìta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn ti mọ odi yí kókó ká, èròjà kan tó ń jẹ́ TGF-beta ló sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa hun ún lọ. Ọmọ ogun wà ní ẹnu ibodè, wọn kò ráyè wọlé. Nígbà tí wọ́n dí TGF-beta àti bíréèkì pa pọ̀ nínú eku, àwọn sẹ́ẹ̀lì T wọ àárín kókó, kókó sì sún kì.

Ẹ̀yin tó ń ta oògùn "agbára ara"

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ní Òjọ́ta rí mọ ọkùnrin tó máa ń dìde dúró kí dẹ́rẹ́bà tó ṣí ọkọ̀. Á gbàdúrà, á sì gbé ìgò jáde. Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń fún agbára ìdènà àrùn lókun, ó ń wo jẹjẹrẹ. Ti àwọn ọ̀mọ̀wé náà wà. Káńsù nínú ike mèremère, tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp. Ká sòótọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa wà lára àwọn tó ń tà á.

A kò bá àgbo jà. Ohun tí a ń bá jà ni èrò tó wà lábẹ́ ọjà yìí, pé ara tó ní jẹjẹrẹ jẹ́ ara tí ọmọ ogun rẹ̀ kéré, pé bí a bá ti fi kún wọn, ó parí. Ẹ wo àwọn aláìsàn tí odi yí kókó wọn ká. Ọmọ ogun wọn kò kéré. Ibi tí wọ́n dúró sí ni ìṣòro. Ẹ wo àwọn tí macrophage wọn ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ jẹjẹrẹ. Ẹ bá fi kún macrophage, ta lẹ ràn lọ́wọ́?

Ohun mìíràn tún wà. Oògùn tó bá lè jí ọmọ ogun dìde lóòótọ́ lè mú kí wọ́n yìnbọn sí ará ilé. Ẹni tó gba BCG sínú àpò ìtọ̀ lè ní ibà, kí ìtọ̀ máa ta á, kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e. Ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kòkòrò náà lè tàn ká gbogbo ara, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fún ẹni tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Àwọn oògùn bíréèkì náà lè mú kí ọmọ ogun dojú kọ ìfun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí awọ ara aláìsàn. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ní ohun tó ń jí ọmọ ogun ara, tí kò sì léwu rárá fún ọmọdé àti àgbà, ọ̀kan ni nínú méjì: yálà kò jí wọn, tàbí kò sọ òótọ́ fún yín.

Àdúgbò tiwa

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ yìí, lára jẹjẹrẹ kan ni wọ́n ti rí i: èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú àpò ìtọ̀. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, òun ni nǹkan bí 90 nínú 100. Àmọ́ òmíràn wà, tí awọ yẹn ti kọ́kọ́ yí padà di sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja kí ó tó di jẹjẹrẹ. Ibi tí àtọ̀sí ajá bá ti pọ̀ ni èyí ti sábà ń pọ̀.

Aràn kan ló ń fa àtọ̀sí ajá. Theodor Bilharz, dókítà ọmọ Jámánì, ló rí i ní Káírò ní 1851. Inú ìgbín omi kékeré ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, á bọ́ sínú omi, á sì gba awọ ara ẹni tó bá wọ odò wọlé, ìbáà ṣe ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́, ìyá tó ń fọṣọ, tàbí apẹja. Nígbà tó bá dàgbà, inú òpó ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ló ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń yé ẹyin lójoojúmọ́. Ẹyin náà ní ẹ̀gún lórí. Àwọn kan á gún ògiri àpò já, wọ́n á bá ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ jáde. Àwọn yòókù á há sínú ògiri, ara á sì máa mọ odi yí wọn ká, ọdún lórí ọdún.

Ní 1911, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Ferguson ní Íjíbítì ti kọ̀wé pé aràn yìí àti jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tan mọ́ra. Ní 1994, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ wá wo irú àdúgbò tí aràn yìí ń kọ́ sílẹ̀. Kí ó lè pẹ́ lára èèyàn, ó ń pẹ̀tù sí ọmọ ogun ara, ó ń yí wọn kúrò lórí ìjà kíkankíkan sórí ìfaradà àti dídi ọgbẹ́. Okùn ti hun yí ẹyin ká. Ara ti gbóná fún ogún ọdún. Gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ tó yọjú. Ṣé oògùn bíréèkì á ṣiṣẹ́ nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀? Ṣé TGF-beta náà ló ń darí odi yẹn? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì nìyẹn. Àwọn àwòrán ńlá tí gbogbo ayé ń lò kò sì lè dáhùn rẹ̀ fún wa. Èyí tó lókìkí jùlọ, iṣẹ́ TCGA ti Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé jáde ní 2017, yẹ kókó 412 wò. Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jùlọ nínú àwọn tó ni kókó náà, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ alárùn àtọ̀sí ajá ni wọ́n ti kó wọn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí àtọ̀sí ajá pọ̀ sí jùlọ lágbàáyé. Ìsédò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí ní 1983, ń fi omi ránṣẹ́ sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn olùwádìí ti lọ sí àwọn abúlé tó yí i ká, tí wọ́n sì ń rí ẹyin aràn yìí nínú ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó dára jùlọ tún wà ní Íjíbítì. Níbẹ̀, ìjọba fi ọ̀pọ̀ ọdún gbógun ti aràn náà pẹ̀lú oògùn praziquantel. Ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tó tóbi jùlọ ní Káírò, ní 1980, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ló jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ. Nígbà tó di 2005, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́. Jẹjẹrẹ tí sìgá ń fà ló wá gba iwájú. Wọ́n yí àdúgbò padà, irú jẹjẹrẹ náà sì yí padà.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀

Àwa fúnra wa jiyàn lórí èyí. Ẹnì kan nínú wa ní, "Ẹ̀yin wo ló ń sọ̀rọ̀ TGF-beta? Ẹni tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní abúlé kò rí owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn, iná kò sí ní láàbù, ẹ ń sọ̀rọ̀ àdúgbò kókó." Òótọ́ ló sọ, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Oògùn bíréèkì wọ́n ju owó oṣù ọ̀pọ̀ ọdún lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba.

Àmọ́ a rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta kora. Nítorí pé owó kò sí gan-an ló fi yẹ ká mọ ẹni tí oògùn ọ̀wọ́n yóò wúlò fún kí a tó tà ilẹ̀ bàbá rà á. Kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí ló ń béèrè ẹ̀rọ olówó gọbọi. Gbogbo wa la mọ irú project tí a máa ń ṣe ní ọdún àṣekágbá: omi ewé báyìí lórí kòkòrò báyìí, nínú àwo agar, ọdún yìí, ọdún tó ń bọ̀, ewé nìkan ló ń yí padà. Ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ẹran tí wọ́n gé lára àpò ìtọ̀ wà nínú búlọ́ọ̀kù àbẹ́là láti ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú gíláàsì wọn tí wọ́n ti rẹ ní aró. Maikirosíkóòpù lásán tó láti ka sẹ́ẹ̀lì funfun lórí irú gíláàsì bẹ́ẹ̀: mélòó ló wà nínú kókó, mélòó ló há sí ìta, ṣé ẹyin aràn wà nítòsí? Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ni a nílò, kí orúkọ aláìsàn má hàn, àti olùkọ́ tó ṣe tán láti kọ́ wa bí a ṣe ń kà á. Àṣà kíka jẹjẹrẹ kò ṣàjèjì sí wa: láti àwọn ọdún 1960 ni ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti wà ní Ìbàdàn.

Ohun tí a ń bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde nìyẹn. Ẹ̀yin tó wà ní láàbù ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní London, ní Houston, nígbà tí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ fi máa ran ilé-ìwé lọ́wọ́, ẹ ronú lórí aró àti ìgò èròjà. Ẹ gba ọmọ ọdún àṣekágbá kan mọ́ra.

Èyí tó kàn wá lónìí kò sì nílò láàbù rárá. Orúkọ àtọ̀sí ajá ti pa wá lára. Nítorí pé ó ń jẹ́ àtọ̀sí, ojú ń ti ọ̀dọ́mọkùnrin láti sọ ọ́ jáde, kí wọ́n má bàa rò pé ó kó àrùn lára obìnrin. Àwọn kan rò pé ìtọ̀ ajá ni àwọn tẹ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ kà á sí àmì pé ọmọ ti ń balẹ̀ àgà. Wọ́n á lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á ra káńsù pupa àti dúdú, wọ́n á dákẹ́. Ẹ má dákẹ́. Bí ìtọ̀ bá pupa, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ìbáà má dun yín, ẹ lọ fi hàn. Bí ẹ bá ti lúwẹ̀ẹ́ nínú odò rí, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì gbé ìtọ̀ ọ̀sán lọ, láàárín agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí agogo méjì, nítorí ìgbà yẹn ni ẹyin aràn ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Praziquantel ń pa aràn náà. Bí ó bá jẹ́ bàbá yín tó ti ń fa sìgá láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sọ pé ooru ló mú òun. Ẹ mú un lọ kí wọ́n wo inú àpò ìtọ̀ rẹ̀.

Olùkọ́ wa tí kò dáhùn ìbéèrè lọ́jọ́ yẹn, a ti padà lọ bá a. A sọ fún un pé a ti mọ̀ pé wọn kò fi ikọ́ kún jẹjẹrẹ fún ẹnikẹ́ni, àdúgbò ni wọ́n ń jí. Ó béèrè pé, "Àdúgbò ta ni?" Ìbéèrè yẹn la gbé wá fún yín.